Ọgbọ̀n Ọjọ́ Lókè Òkun: Ìtàn Òfin Tí Ń Dá Owó Aláìlera Dúró ní Amẹ́ríkà

Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Òwe yìí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le fẹ́ padà lọ wo ilé, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí àìsàn ti sọ di èrò orí àga. Síbẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà lónìí, ó lé ní mílíọ̀nù 7 ènìyàn, àwọn arúgbó, afọ́jú àti àkàndá ẹ̀dá, tí wọ́n ní láti máa ka ọjọ́ lórí ìka kí wọ́n tó lè kọjá odi ìlú. Àwọn ọmọ Yorùbá wà nínú wọn. Bí ọjọ́ náà bá pé 30 tí wọn kò tíì padà, owó tí wọ́n fi ń jẹun, tí wọ́n fi ń san owó ilé, yóò dúró.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé òṣìṣẹ́ ìjọba kan ló ń ni wọ́n lára nígbà tí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ sí wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ni, ọjọ́ orí rẹ̀ sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Obìnrin kan ti gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà rí. Ìtàn rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí pé ẹni tí kò bá mọ ibi tí òfin ti wá kò ní mọ bí yóò ṣe rìn ín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ohun méjì tí àwọn ènìyàn máa ń pò pọ̀ sọ́tọ̀. Owó àìlera oríṣi méjì ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń san. Èkíní ni SSDI, tí Ààrẹ Eisenhower bu ọwọ́ lù ní ọdún 1956. Ìdójútòfò ni. Owó tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ ni wọ́n fi ń san án, nítorí náà ẹni tó ṣiṣẹ́ tó, tó sì dáwó tó, ni ó ń gbà á bí àìlera bá dé. Nígbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹni tó ti pé 50 ọdún nìkan ni wọ́n ń fún. Owó yìí máa ń bá olówó rìn. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà tó ń gbà á lè kó lọ sí Ìbàdàn tàbí Cotonou kí owó rẹ̀ sì máa wọlé. Ìwọ̀nba ìlú díẹ̀, bíi Kúbà àti Kòríà Àríwá, ni wọn kì í fi ránṣẹ́ sí. Ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú ní òfin tirẹ̀ tí ìrìn àjò rẹ̀ bá kọjá oṣù mẹ́fà.

Èkejì ni SSI, òun sì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Ẹni tó ń gbà á kò ní láti ti ṣiṣẹ́ rí. Ohun tí òfin ń wò ni pé kí ó jẹ́ arúgbó tó ti pé 65 ọdún, tàbí afọ́jú, tàbí aláìlera, kí ó sì jẹ́ tálákà. Inú àpò ìjọba gan-an ni owó náà ti ń jáde. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó tí ènìyàn dá sílẹ̀ fúnra rẹ̀ àti owó tí ìjọba fi ṣàánú rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé e rọ̀ mọ́.

Kí SSI tó dé, àwọn ìpínlẹ̀ ló ń bójú tó àwọn tálákà wọn, tí ìjọba àpapọ̀ sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Òfin ọdún 1935 ti fi owó sílẹ̀ fún àwọn arúgbó àti afọ́jú. Ní 1950, wọ́n fi àwọn tí àìlera wọn kò ní àtúnṣe kún un. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀ bó ṣe wù ú, ohun tí afọ́jú ń rí gbà níhìn-ín kò tó ìdajì èyí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà lọ́hùn-ún. Ní ọjọ́ 30, Oṣù Kẹwàá, ọdún 1972, Ààrẹ Nixon bu ọwọ́ lu òfin tó pa gbogbo wọn pọ̀ di ọ̀kan. Oṣù Kìíní ọdún 1974 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í san SSI, 140 dọ́là lóṣù fún ẹni tó bá dá wà, 210 dọ́là fún tọkọtaya.

Inú òfin kan náà yìí ni gbólóhùn ìrìn àjò wà. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá wà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kan títí dé òpin rẹ̀ kò ní gba owó oṣù náà. Ó tún ní ẹni tó bá lo 30 ọjọ́ ní àtẹ̀léra lókè òkun, wọn yóò máa kà á sí ẹni tí kò tíì padà, títí tí yóò fi lo 30 ọjọ́ mìíràn ní àtẹ̀léra nínú Amẹ́ríkà. Ẹ kíyè sí i pé ẹsẹ̀ méjì ni òfin náà fi ń rìn. Ẹni tó jáde ní ọjọ́ tó gbẹ̀yìn Oṣù Kìíní, tó sì padà ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹta, lè má tíì lo 30 ọjọ́, ṣùgbọ́n yóò pàdánù owó Oṣù Kejì nítorí pé kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà rárá nínú oṣù ọ̀hún.

Òfin náà kò tíì pé ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ tí ó fi mú Grace Aznavorian. Ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni, ìpínlẹ̀ Califóníà ni ó ń gbé, SSI ni ó sì ń gbà. Ní ọjọ́ 21, Oṣù Keje, ọdún 1974, ó rìnrìn àjò lọ sí orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò. Oṣù kan ni ó ní lọ́kàn láti lò. Ṣùgbọ́n ènìyàn ní í pète, Elédùmarè ní í ṣe é. Àìsàn tí kò rò tẹ́lẹ̀ kọ lù ú níbẹ̀, kò sì rí ẹsẹ̀ gbé wálé títí di ọjọ́ kìíní, Oṣù Kẹsàn-án.

Nígbà tó dé, ó bá a pé wọn kò san owó Oṣù Kẹjọ, nítorí pé kò sí nílé ní gbogbo oṣù náà. Wọn kò san ti Oṣù Kẹsàn-án pẹ̀lú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti padà, nítorí pé kò tíì lo 30 ọjọ́ tí òfin ní kí ó lò kí wọ́n tó gbà pé ó ti dé. Ẹ wò ó bí ọ̀ràn náà ti rí: àìlera ló sọ ọ́ di ẹni tó yẹ fún owó, àìlera náà ló sì gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Aznavorian pe ìjọba lẹ́jọ́, fún ara rẹ̀ àti fún àwọn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Ilé-ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá a láre. Adájọ́ ní òfin náà di ẹrù ru ẹni tó fẹ́ lo ẹ̀tọ́ rẹ̀ láti rìnrìn àjò lọ sí ilẹ̀ òkèèrè. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àfẹnujẹ́. Ní ọdún 1958, nínú ẹjọ́ ayàwòrán kan tó ń jẹ́ Rockwell Kent, tí ìjọba kọ̀ láti fún ní ìwé ìrìnnà nítorí èrò òṣèlú rẹ̀, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ pé àǹfààní láti rìnrìn àjò jẹ́ ara òmìnira ọmọ ènìyàn. Ní 1969 ẹ̀wẹ̀, ilé-ẹjọ́ kan náà ti fagi lé òfin àwọn ìpínlẹ̀ tó ní kí tálákà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá dúró fún ọdún kan kí ó tó rí ìrànwọ́ gbà. Lójú ẹni tó ń wò láti òde, ó jọ pé ọ̀nà ti là fún obìnrin yìí.

Kò là. Ní ọjọ́ 11, Oṣù Kejìlá, ọdún 1978, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ yí ìdájọ́ náà padà. Adájọ́ Potter Stewart ló kọ ọ́, kò sì sí adájọ́ kan nínú àwọn mẹ́sàn-án tó tako àbájáde rẹ̀. Ó ní ẹ̀tọ́ láti rìn láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn nínú Amẹ́ríkà lágbára ju ẹ̀tọ́ láti kọjá lọ sí ilẹ̀ òkèèrè lọ. Ó ní ìjọba kò gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ Aznavorian, kò sì ní kí ó má lọ. Owó ni kò kàn san. Ó ní àwọn aṣòfin lè ti rò pé ibi tí àìní bá wà nínú Amẹ́ríkà ni kí owó náà máa lọ, tàbí pé inú Amẹ́ríkà ni kí wọ́n ti ná an, tàbí pé ó ṣòro láti mọ̀ bóyá ẹni tó wà lókè òkun ṣì jẹ́ aláìní. Ó gbà pé ìdí wọ̀nyí lè má fi bẹ́ẹ̀ rinlẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní wọ́n tó láti mú òfin náà dúró.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ ìdájọ́ yìí lọ, mo tún rò ó bọ̀. Lójú òfin, mo rí ohun tí adájọ́ rí: ẹni tó ń ná owó gbogbo ìlú ní láti mọ ibi tí owó náà ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá sọ fún ẹni tí kò ní owó mìíràn láyé pé kò sí ẹni tó dá a lọ́nà, pé owó oúnjẹ rẹ̀ nìkan ni yóò dúró bó bá lọ, ìyàtọ̀ wo ló wà láàárín ìyẹn àti kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn? Olówó ni ìyàtọ̀ náà ń hàn sí.

Ẹ̀gbẹ́ kan tún wà tí òfin yìí ń gbé gba ọ̀nà tó yani lẹ́nu. Ìpínlẹ̀ 50, olú-ìlú Washington àti erékùṣù Northern Mariana nìkan ni òfin kà sí Amẹ́ríkà nínú ọ̀rọ̀ SSI. Puerto Rico kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni wọ́n bí àwọn ará ibẹ̀. Ní 1978 kan náà, nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Califano v. Torres, ilé-ẹjọ́ gbà pé ẹni tó bá kó kúrò ní ìpínlẹ̀ Connecticut lọ sí Puerto Rico lè pàdánù owó rẹ̀. Ó lé ní 40 ọdún lẹ́yìn èyí tí ọ̀rọ̀ náà tún jí. José Luis Vaello Madero ń gba SSI ní New York, ó kó padà sí Puerto Rico ní 2013, owó sì ń wọlé títí di 2016. Nígbà tí ìjọba rí i, wọ́n ní kí ó dá owó tó lé ní 28,000 dọ́là padà. Ilé-ẹjọ́ méjì dá a láre. Ní Oṣù Kẹrin ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá a lẹ́bi, adájọ́ mẹ́jọ sí ẹyọ kan. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ àwọn ará Puerto Rico kì í san owó orí tí ìjọba àpapọ̀ ń gbà lórí owó tó ń wọlé. Adájọ́ Sonia Sotomayor, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Puerto Rico wá, nìkan ló tako o. Ó rán àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ létí pé tálákà tó ń gba SSI kì í ní ohun tí wọn yóò gba owó orí lé lórí, ibi yòówù kí ó máa gbé.

Amẹ́ríkà nìkan kọ́ ló ń ka ọjọ́. Òfin owó àìlera ti Ọsirélíà, tí wọ́n ṣe ní 1908, yọ àwọn ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀ àti ọmọ ìbílẹ̀ Áfíríkà sílẹ̀ pátápátá. Ní 1973, ìjọba Gough Whitlam ṣí ọ̀nà fún àwọn tó ń gba owó ìrànwọ́ láti máa gbé e lọ sókè òkun. Láti ìgbà náà ni ọ̀nà ti ń dín kù: ọ̀sẹ̀ 13 ní 2004, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní 2013, ọjọ́ 28 nínú oṣù 12 láti 2015, àfi fún àwọn tí àìlera wọn le púpọ̀ àti àwọn díẹ̀ mìíràn. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yọ̀ǹda ọ̀sẹ̀ 13 fún ẹni tó ń gba PIP, ọ̀sẹ̀ 26 sì ni tó bá jẹ́ ìtọ́jú ara ló gbé e lọ.

Kí ni gbogbo èyí já mọ́ fún àwa? Ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá wa ló tẹ̀lé ọmọ lọ sí Amẹ́ríkà, tí ọjọ́ ogbó bá lọ́hùn-ún. Òfin ọdún 1996 ti mú kí ó ṣòro fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílùú láti gba SSI, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbà á ni ó ti di ọmọ orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n a máa rò pé ìwé ìrìnnà Amẹ́ríkà tó wà lọ́wọ́ wọn ti yanjú ohun gbogbo. Kò yanjú èyí. Aznavorian pàápàá, ọmọ onílùú ni.

Àwa náà sì mọ bí ìrìn àjò ilé ti máa ń rí. Ẹni tó wá sìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kì í lo ọ̀sẹ̀ kan. Wọn yóò sún ọjọ́ ìsìnkú síwájú, ẹbí yóò ní kí ó dúró parí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ibà yóò dá a dúbúlẹ̀. Kí ó tó ṣẹ́jú, oṣù kan ti kọjá. Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú fún òbí, ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó: SSI ni wọ́n ń gbà ni, àbí SSDI? Bó bá jẹ́ SSI, ẹ fi ọjọ́ ìpadà sí ibi tí àyè yóò ti wà fún ìdádúró, ẹ má sì jẹ́ kí oṣù kan odindi kọjá lórí wọn lẹ́yìn odi. Bí ìrìn náà yóò bá tó 30 ọjọ́, ẹ sọ fún ọ́fíìsì tó ń san owó náà ṣáájú. Owó tó wọlé tí kò yẹ kó wọlé, gbèsè ni. Wọn yóò padà wá bi í.

Ní ti òfin náà fúnra rẹ̀, ilé-ẹjọ́ ti sọ tirẹ̀. Àwọn aṣòfin nìkan ló kù tó lè tún un ṣe. Wọn kì bá má pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, ṣùgbọ́n kí ni ìbá ná wọn láti fi gbólóhùn kan kún un fún ẹni tí àìsàn dá dúró sí ọ̀nà àjò? Obìnrin kan ti béèrè ìyẹn rí. Títí di òní, kò tíì rí ẹni dá a lóhùn.