Station: láti Ìdó dé òfurufú

Station jẹ́ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Yorùbá sọ di téṣàn. Inú èdè Látìn ló ti ṣẹ̀ wá, níbi tí statio ti túmọ̀ sí ìdúró tàbí ibi tí a dúró sí. Ìtumọ̀ rẹ̀ pọ̀ lónìí: ti rélùwéè wà, ti ọlọ́pàá wà, ti rédíò wà, ti ìjọ náà sì wà. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń tọ́ka sí ibi tí a fi ènìyàn tàbí ẹ̀rọ sí kí ó máa ṣe iṣẹ́ kan. Ní Èkó, kò sí àdúgbò tí ọ̀rọ̀ náà bá mu tó Ìdó, tó jẹ́ erékùṣù kékeré tẹ́lẹ̀ láàrin Erékùṣù Èkó àti Èbúté Mẹ́ta.

Ní 1896 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti ibẹ̀. Irin náà dé Abẹ́òkúta ní 1898, ó wọ Ìbàdàn ní 1900, wọ́n sì ṣí i ní gbangba ní oṣù Kẹta ọdún 1901. Ọdún 1901 yìí kan náà ni afárá Carter so Ìdó mọ́ Erékùṣù Èkó. Afárá Denton ló so ó mọ́ Èbúté Mẹ́ta. Láti 1902, ọkọ̀ irin kékeré kan tún ń gba orí afárá Carter láti Ìdó lọ sí Marina. Nígbà tí ojú irin wá gùn dé Kánò, Ìdó ni òpin ìrìnàjò fún ẹni tó bá wọkọ̀ láti òkè wá. Ibẹ̀ ni téṣàn másítà, gáàdì, aláàárù àti àwọn oníṣòwò ti ń pàdé.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé orúkọ àdúgbò náà ti ń sọ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì wá fi station sọ. A máa ń ní àwọn kan tẹ ìlú dó, tàbí pé ọmọ ogun dó sí ibì kan. Ìdó ni ibi tí a dó sí. Ìdí nìyí tí Ìdó fi pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá: Ìdó-Èkìtì wà, Ìdó-Ọ̀ṣun wà, Ìdó kan sì wà lẹ́bàá Ìbàdàn. Ìtàn àwọn Àwórì sọ pé Olófin kó àwọn ènìyàn rẹ̀ kúrò ní Ìṣẹrì, wọ́n dúró ní Èbúté Mẹ́ta, kí wọ́n tó kọjá sí Ìdó, níbi tí omi ti dáàbò bò wọ́n. Ọ̀rọ̀ ìṣe yìí náà ló wà nínú ibùdókọ̀ tí àwọn olùkọ́ èdè ń lò fún ibi tí ọkọ̀ ń dúró sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gáréèjì àti bọ́sítọ́ọ̀pù ló wà lẹ́nu ará Èkó.

Ẹ sọ fún ará Mushin pé wọ́n ti mú ẹnìkan lọ sí téṣàn: kò ní bi yín bóyá ọkọ̀ ojú irin ló fẹ́ wọ̀. Téṣàn tí a kò fi ohunkóhun kún, ti ọlọ́pàá ni. Dípíò ló ń ṣe olórí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń gba bélì ẹni. Ìwé ìròyìn a máa pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá, èyí tó dára púpọ̀, nítorí ibi tí a dó sí ni àgọ́ náà. Mo gbà pé bí rélùwéè ṣe ń rọ̀ ló fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ọlọ́pàá. Ọkọ̀ ojú irin dín kù, téṣàn ọlọ́pàá sì wà ní gbogbo àdúgbò. Ọ̀kan nínú wọn, ní Èbúté Mẹ́ta, ṣì ń jẹ́ Denton.

Ní ẹ̀gbẹ́ Ìdó, ní Ìjọra, ni ilé iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1923. Gẹ̀ẹ́sì pe ìyẹn náà ní station, àmọ́ Yorùbá kò bá wọn pè é bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni ibi tí wọ́n ti ń ta pẹtiróòlù: ilé epo la mọ̀ ọ́n sí. Ti rédíò yàtọ̀. Láti 1935 ni wọ́n ti ń fi wáyà gbé ìròyìn wọ inú àpótí kan nínú ilé ní Èkó, tí àwọn ènìyàn fi sọ àpótí náà ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ní 31 oṣù Kẹwàá 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Ìbàdàn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ wá pọ̀, ó di “yí i sí téṣàn mìíràn.”

Àwọn míṣọ́nnárì ti ń lo ọ̀rọ̀ náà ṣáájú rélùwéè. Ibikíbi tí wọ́n bá fi òjíṣẹ́ kan sí, bí Abẹ́òkúta tí Townsend àti Crowther dé ní 1846, station ni nínú ìwé wọn. Ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ṣì ń pe pípín àwọn òjíṣẹ́ sí ẹnu iṣẹ́ ní stationing. Fún àwọn Kátólíìkì, ìdúró 14 ló wà lójú Ọ̀nà Àgbélébùú.

Ní Ọsirélíà, oko ńlá tí wọ́n ti ń sin màlúù tàbí àgùntàn ni station. Ọ̀kan nínú wọn, Anna Creek, tóbi ju 15,000 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Ní Íńdíà, ìlú orí òkè bíi Shimla, tí àwọn òyìnbó ń sá ooru lọ, ló ń jẹ́ hill station. Láti oṣù Kọkànlá 2000 ni ènìyàn sì ti ń gbé láìdáwọ́ dúró nínú station tó ń yí ayé ká lófurufú, ní nǹkan bí 400 kìlómítà sókè.

Ní oṣù Kẹfà 2021, ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, tó gùn tó 157 kìlómítà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò dé Ìdó. Ilé ńlá tí wọ́n fi orúkọ Mobolaji Johnson pè ní Alágómẹ́jì ló ti bẹ̀rẹ̀. Ti Abẹ́òkúta ń jẹ́ Wole Soyinka, ti Mọ́níyà sì ń jẹ́ Obafemi Awolowo. Ní 2024, ìjọba Èkó ṣí ojú irin Red Line láti Agbádó wá sí Òyìngbò, ọkọ̀ rẹ̀ sì ń dúró ní Mushin àti Yaba. Ní Mushin báyìí, ẹni tó bá ní òun ń lọ sí téṣàn ní láti sọ èwo ni.