Àdán Méjì, Èso Mẹ́jọ: Àrokò Ara Ìkòkò Tánganran Ilẹ̀ Ṣáínà

Àwọn àgbà ní, "Àdán dorí kodò, ó ń wo ìṣe ẹyẹ." Nínú òwe tiwa yìí, ẹni tí ó dákẹ́ tí ó ń ṣọ́ ohun tí ẹlòmíràn ń ṣe ni àdán. A kò kà á sí àmì oríire. Ẹ̀dá tí kì í ṣe eku, tí kì í ṣe ẹyẹ ni. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Ṣáínà, àdán yìí kan náà, pẹ̀lú orí tí ó dà kodò, ni àwọn oníṣọ̀nà máa ń yà sára àwo olówó iyebíye kí ire lè wọlé tọ ẹni tí ó ni ín. Kí ló fa ìyàtọ̀ yìí? Èdè ni. Ìtàn ìkòkò kan ni n ó fi là á yé wa.

Ìkòkò tí a sọ di àtùpà

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2002, ilé-iṣẹ́ Sotheby's ta ìkòkò tánganran kan ní gbàǹjo ní ìlú Hong Kong. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ lókè, ó tẹ́ẹ́rẹ́ nísàlẹ̀, ó sì yọ ikùn díẹ̀ láàárín. Ẹ̀ka igi píìṣì tí ó tanná ni wọ́n yà sí i lára, pẹ̀lú èso mẹ́jọ tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, àti àdán méjì tí ń fò. Orúkọ ìjọba Yongzheng, ọba tí sáà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1723 tí ó sì parí ní 1735, ni a kọ sí ìdí rẹ̀.

Ọwọ́ ìdílé Ogden Reid ní Amẹ́ríkà ni ìkòkò náà ti jáde. Reid yìí ni ó ṣe aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀ ní Ísírẹ́lì láti 1959 sí 1961. Nínú ilé wọn, ìdí àtùpà ni wọ́n fi ìkòkò náà ṣe. N kò fi èyí bú ẹnikẹ́ni, nítorí ohun tí ó bá dára lójú ni ènìyàn fi ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn àlejò tí ó jókòó sábẹ́ ìmọ́lẹ̀ yẹn ni yóò mọ̀ pé àdúrà ni wọ́n ń wò? Lọ́jọ́ gbàǹjo, iye tí wọ́n tà á jẹ́ mílíọ̀nù 41.5 owó dọ́là Hong Kong. Alice Cheng, obìnrin oníṣòwò ní Hong Kong, ni ó rà á, ó sì fi ta Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Shanghai lọ́rẹ.

Bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n

Ìlú Jingdezhen ni ibùdó àwọn amọ̀kòkò ọba nígbà náà. Amọ̀ funfun tí à ń pè ní kaolin, tí ó gba orúkọ rẹ̀ láti ara abúlé Gaoling tí kò jìnnà síbẹ̀, ni wọ́n ń pò mọ́ òkúta lílọ̀. Wọ́n á sun ún nínú ẹbu tí ooru rẹ̀ tó nǹkan bí 1,300 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n á fi àwọ̀ kun ún, tí wọ́n á tún sun ún nínú iná tí kò le tó ti àkọ́kọ́. Wúrà díẹ̀ ni ó ń fún wọn ní àwọ̀ rẹ́súrẹ́sú bẹ́ẹ̀. Ní 1728 ni Tang Ying, òṣìṣẹ́ ààfin tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú iṣẹ́ yìí, dé Jingdezhen.

Ohùn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀

Èdè olóhùn ni èdè Ṣáínà, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá. Biānfú ni wọ́n ń pe àdán. Fú sì ni wọ́n ń pe ire. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ fú méjèèjì sílẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n ìró àti ohùn wọn kò yàtọ̀ rárá. Nítorí náà, ẹni tí ó ya àdán ti pe ire. Dào tí ó túmọ̀ sí "dorí kodò" àti dào tí ó túmọ̀ sí "dé" tún jọ ara wọn. Bí àdán bá dorí kodò, ohun tí etí Ṣáínà gbọ́ ni pé ire ti dé.

Bí àdán bá pé márùn-ún, ó di ire márùn-ún tí ìwé àtijọ́ wọn, Shujing, kà sílẹ̀: ẹ̀mí gígùn, ọrọ̀, àlàáfíà, ìfẹ́ ìwà rere, àti kíkú ní ọjọ́ ogbó. Ẹ kíyèsí i pé ìwà wà nínú ire tiwọn náà.

Ti píìṣì yàtọ̀. Kì í ṣe ìró ni ó sọ ọ́ di àmì ẹ̀mí gígùn, ìtàn ìwáṣẹ̀ ni. Wọ́n ní Xiwangmu, ìyá ọba ìwọ̀-oòrùn, ní ọgbà píìṣì kan tí èso rẹ̀ ń gba 3,000 ọdún kí ó tó pọ́n. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ kò ní kú mọ́. Nígbà tí àdán méjì àti píìṣì bá pàdé lára ìkòkò kan, àdúrà náà ni pé kí ire àti ẹ̀mí gígùn pé fún olúwa rẹ̀.

Àrokò tiwa ńkọ́?

N kò sọ pé a kọ́ ọgbọ́n yìí lọ́dọ̀ ara wa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ àrokò Yorùbá kò ní pẹ́ lóye ìkòkò yìí. Ẹyọ owó mẹ́fà túmọ̀ sí pé ọkàn mi fà sí ọ, nítorí pé ẹ̀fà ń rán wa létí fà. Ẹyọ mẹ́jọ túmọ̀ sí pé a jọ wà, ọ̀rọ̀ wa jọ, nítorí ẹ̀jọ. Níbi ìsọmọlórúkọ, ìró ni a fi ń lo obì, kí ó lè bi ikú dànù, àti orógbó, kí ọmọ lè gbó. Ṣùgbọ́n adùn oyin fúnra rẹ̀ ni a fi ń tọrọ ayé dídùn.

Èyí ni ó ń dùn mí nínú iṣẹ́ wa. Mo ti bá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ pàdé tí wọ́n há a sórí pé ẹyọ mẹ́fà jẹ́ àmì ìfẹ́. Nígbà tí mo bá bi wọ́n pé, "Kí ló dé tí kì í ṣe márùn-ún?", ilẹ̀ ni wọ́n máa ń wò, nítorí kíkà ení, èjì, ẹ̀ta ti ń kúrò lẹ́nu wọn. Wọ́n mú ìdáhùn dání, wọn kò gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Bí ó ṣe rí fún ìkòkò tí ó di àtùpà nìyẹn: ẹwà rẹ̀ kò dín, iná orí rẹ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n àdúrà ara rẹ̀ dákẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, bí a bá dé orí ẹ̀kọ́ àrokò, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ kọ́kọ́ fi ẹnu ka iye ẹyọ náà sókè kí a tó sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má kàn béèrè ohun tí àrokò túmọ̀ sí; ẹ béèrè ohun tí ó fà á. Ìkòkò Yongzheng rí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí yóò tọ́jú rẹ̀. Ẹnu wa nìkan ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ohùn ẹ̀fà àti ẹ̀jọ ní.