Ẹ́ńjìn tó ń jó ọ́ìlì ara rẹ̀: ìtàn máṣíìnì two-stroke, láti Jámánì dé Ìbẹ̀ṣẹ̀ 🧵

Lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ibi tí mo bá yíjú sí lórí fóònù mi, fọ́tò máṣíìnì àtijọ́ ni mò ń rí. Vespa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, Suzuki 100 tí wọ́n fọ tó ń dán gbinrin, ẹnì kan á wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé "àwọn bàbá wa jayé o." Èmi náà fẹ́ràn wọn. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fowó yín ra ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín: ohun tó mú kí ẹ́ńjìn yẹn dùn ún gùn gan-an náà ló lé e kúrò lójú títì. Nǹkan kan náà ni. Ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀ o, ẹ wá ibi jókòó sí.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tá à ń sọ. Bajaj tí ẹ ń rí lábẹ́ àwọn ọlọ́kadà lónìí, four-stroke ni. Písítìnnì rẹ̀ á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí iná tó ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní fáàfù tó ń ṣí tó ń tì. Ọ́ìlì rẹ̀ ní ibi tó ń gbé, kì í bá epo jóná.

Two-stroke ò ráyè gbogbo ìyẹn. Písítìnnì á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, iná ti ṣẹ́. Kò ní fáàfù lórí. Ihò ni wọ́n dá sára sìlíńdà, písítìnnì fúnra rẹ̀ ló ń dí i tó sì ń ṣí i. Ọ́ìlì rẹ̀ ńkọ́? Inú epo ni. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, lítà 1 ọ́ìlì sí lítà 50 bẹntiróòlù. Méjèèjì á jọ wọlé, wọ́n á jọ jóná, wọ́n á jọ gba sàlẹ́ńsà jáde.

Ẹ rántí gbólóhùn yẹn: wọ́n á jọ jóná. A ṣì ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Kí ló wá dùn nínú ẹ̀? Àkọ́kọ́, ó fúyẹ́. Nǹkan tó wà nínú ẹ̀ ò pọ̀. Ìkejì, nítorí pé iná ń ṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí písítìnnì bá gòkè, ẹ́ńjìn kékeré á máa ṣe bí àgbà. Tẹ́ ẹ bá fún un níná, á fò! Ìkẹta, mẹkáníìkì abẹ́ igi lè tú u palẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ máa gùn ún lọ sílé lọ́sàn-án. Kò sí fáàfù tí wọ́n máa tún ṣe, kò sí ṣéènì tó ń yí fáàfù. Púlọ́ọ̀gì, kábúrétọ̀, písítìnnì àti ríìngì, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn. Níbi tí ọ̀nà bá jẹ́ yanrìn àti ẹrẹ̀, bíi ti ọ̀dọ̀ wa ní Ìbẹ̀ṣẹ̀ àti lọ́nà Ẹ̀pẹ́ kí ọ̀dà tó dé àwọn ibì kan, irú máṣíìnì tí èèyàn á fẹ́ nìyẹn. Tó bá rì, ẹ ó gbé e jáde.

Ibo ló ti wá? Ní nǹkan bí 1890, Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Joseph Day, ní ìlú Bath, ló gbé irú èyí tí kò ní fáàfù kalẹ̀, tó ń fi ikùn ẹ́ńjìn fa epo sínú. Ṣùgbọ́n àwọn ará Jámánì ló sọ ọ́ di máṣíìnì mẹ̀kúnnù. Ilé iṣẹ́ DKW ní ìlú Zschopau, tí ọmọ Denmark kan, Jørgen Skafte Rasmussen, dá sílẹ̀, gbé RT 125 jáde ní 1939. Ó kéré, ó fúyẹ́, kò sì ṣòro láti ṣe.

Ogun Àgbáyé Kejì dé, Jámánì fìdí rẹmi. Àwọn tó ṣẹ́gun pín ìkógun, àwòrán RT 125 sì wà nínú ohun tí wọ́n pín. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe BSA Bantam ní 1948. Harley-Davidson ní Amẹ́ríkà fi ṣe tiwọn. Rọ́ṣíà náà ṣe tiwọn. Ní Jàpáànì, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe dùùrù wo RT yìí títí, ó sì ṣe tirẹ̀ ní 1955, ó pè é ní YA-1. Orúkọ ilé iṣẹ́ dùùrù yẹn ni Yamaha. Ẹ kà á dáadáa: máṣíìnì àkọ́kọ́ tí Yamaha ṣe láyé, DKW ni wọ́n wò ṣe. Ìdí tí àmì ara Yamaha fi dà bí irin tí àwọn olórin fi ń wá ohùn nìyẹn náà.

Ní Ítálì, Piaggio ń ṣe bàálù kí bọ́ǹbù tó ba ilé iṣẹ́ wọn jẹ́. Ogun parí, wọ́n ní kí ẹni tó ń ya bàálù fún wọn, Corradino D'Ascanio, ya máṣíìnì tí èèyàn lè wọ aṣọ àríyá gùn láì jẹ́ kí ọ́ìlì kàn án. Ó di Vespa ní 1946. Two-stroke náà ni.

Ibi tó ti wá dà bíi fíìmù nìyí. Zschopau bọ́ sí apá Ìlà-oòrùn Jámánì, lábẹ́ ìjọba Kọ́múníìsì, DKW ibẹ̀ sì di MZ. Ẹnjiníà wọn, Walter Kaaden, rí àṣírí ńlá kan. Tí wọ́n bá ya sàlẹ́ńsà two-stroke bó ṣe yẹ, kó fẹ̀ láàárín kó sì tún há nídìí, ìró tó ń jáde á padà wá ti epo tó fẹ́ sá jáde pa dà sínú sìlíńdà. Ní 1961, ẹ́ńjìn 125cc wọn ń pèsè agbára ẹṣin 25. Kò sí irú ẹ̀ níbikíbi.

Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni ìjọba Ìlà-oòrùn kọ́ ògiri Berlin. Ní oṣù kẹsàn-án, ẹni tó ń gun MZ fún wọn, Ernst Degner, lọ díje ní Sweden. Ẹ́ńjìn rẹ̀ bàjẹ́ lójú eré, Degner ò sì padà sílé mọ́. Wọ́n ti gbé ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ pamọ́ sínú búùtù ọkọ̀, wọ́n fi gbé wọn sọdá sí Ìwọ̀-oòrùn. Ọ̀dọ̀ Suzuki ni Degner gbé ìmọ̀ yẹn lọ. Ní 1962, Suzuki gba ife àgbáyé 50cc, Degner ló gùn ún. Ife àgbáyé àkọ́kọ́ tí Suzuki gbà nìyẹn.

Mi ò sọ pé ẹ́ńjìn eré ìje ló wà lára Suzuki bàbá yín o 😂. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé orúkọ Suzuki di ńlá nídìí two-stroke, wọ́n sì ń ṣe kékeré rẹ̀ tà káàkiri ayé.

Báwo ló ṣe kàn wá? Vespa ni máṣíìnì tíṣà, pásítọ̀ àti wolé-wolé. Suzuki FR80 àti Yamaha V80 dé, àwọn èèyàn ń pè wọ́n ní "lédíìsì máṣíìnì", torí pé kò sí táǹkì epo láàárín ẹsẹ̀. Obìnrin lè wọ yẹ̀rì tàbí ìró kó sì gùn ún. Ẹ ronú sí i: nọ́ọ̀sì tàbí tíṣà obìnrin tí ò ní láti dúró de ẹnikẹ́ni kó tó lọ síbi iṣẹ́. Tí mo bá ń sọ pé mo fẹ́ràn máṣíìnì yìí, apá ibẹ̀ ló wọ̀ mí lọ́kàn jù.

Ní 1986, ìjọba Babangida gbé ètò SAP kalẹ̀. Náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ tuntun di àwòmọ́jú, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn tó ní máṣíìnì nílé bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbé èrò. Orúkọ bàálù Okada Air, tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, làwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ pe máṣíìnì náà, orúkọ ọ̀hún sì lẹ̀ mọ́ ọn. Ní àwọn ọdún tó yí 2000 ká, Jincheng ti Ṣáínà ya wọlé. Àwòrán Suzuki AX100 gan-an ni, 100cc, two-stroke, owó rẹ̀ sì rọ̀. Ó pọ̀ débi pé "Jincheng" fẹ́rẹ̀ẹ́ di orúkọ tí wọ́n ń pe gbogbo ọ̀kadà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí gbólóhùn wa: wọ́n á jọ jóná.

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé gbogbo ẹ̀ kọ́ ló ń jóná. Nítorí pé kò sí fáàfù tó máa ti ilẹ̀kùn, bí èéfín àná ṣe ń jáde, epo tuntun ń bá a jáde láì tíì jóná. Ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta epo tí ẹ fowó yín rà. Ọ́ìlì tó bá a lọ ló ń di èéfín aláwọ̀ búlúù yẹn, tó ń rùn, tó ń ta èèyàn lójú. Mẹkáníìkì rọrùn fún un torí pé kò ní fáàfù. Ó ń fi epo ṣòfò torí pé kò ní fáàfù. Ṣé ẹ ti rí i báyìí?

Ẹ fi kún un: tí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á dọ̀tí, máṣíìnì ò ní ta. Tó bá kéré jù, písítìnnì á gan mọ́ inú sìlíńdà, nígbà míì lórí eré. Tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè tẹ́ ẹ sì dáwọ́ iná dúró pátápátá, ọ́ìlì náà dáwọ́ dúró nìyẹn, torí inú epo ló ń gbé. Ẹ́ńjìn ò sì ní bá yín fa máṣíìnì sẹ́yìn bíi ti four-stroke. Búréèkì nìkan lẹ gbẹ́kẹ̀ lé.

Ta ló ń fa èéfín yẹn símú? Kì í ṣe ẹni tó ń gùn ún. Iwájú lòun wà. Ìyá tó ń dín àkàrà létí títì ni, àtàwọn ọmọ tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti ilé ìwé, àti ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn. Ní Kùtọnu, ọ̀pọ̀ máṣíìnì àwọn zemidjan jẹ́ two-stroke fún ọdún pípẹ́, "kpayo" ni wọ́n ń mu, ìyẹn epo fàyàwọ́ tó ń ti ọ̀dọ̀ wa lọ, tí wọ́n ń tà nínú ìgò létí ọ̀nà. Ojú ọ̀run Kùtọnu mọ̀ ọ́n lára. Ní Dhaka, olú-ìlú Bangladesh, ìjọba lé gbogbo kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta two-stroke kúrò nílùú nígbà tí ọdún 2002 ń parí. Èéfín ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é, wọ́n sì sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Tiwa yàtọ̀. Òfin ìrìnnà Èkó ti 2012 lé ọ̀kadà kúrò lójú títì 475, àwọn tó tó 200cc sókè nìkan ni wọ́n dá sí. Ní oṣù kẹfà 2022, wọ́n tún lé e kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Ìkòròdú ò sí lára wọn. Bí ẹ́ńjìn ṣe tóbi tó àti ọ̀nà tó ń gbà ni òfin ọ̀kadà wa béèrè. Kò béèrè bó ṣe ń jó epo. Ọjà ló lé two-stroke lọ fún wa: Bajaj àti TVS dé, wọn kì í mu epo bíi tiẹ̀, àwọn ọlọ́kadà sì mọ ìṣirò. Lẹ́yìn 29 oṣù karùn-ún 2023, nígbà tí jálá... ẹ má bínú, lítà bẹntiróòlù kúrò ní ohun tí kò tó ₦200 tó kọjá ₦480, kò tún sẹ́ni tó nílò àlàyé mọ́.

Ẹ wá rò pé ó ti tán, àbí? Ẹ wá sí èbúté Ìbẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ wo ìdí àwọn ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò sọdá ọ̀sà, àti tàwọn apẹja. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ́ńjìn Yamaha Enduro tó wà níbẹ̀, two-stroke ni. Kì í ṣe ohun àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe fún fọ́tò. Tuntun rẹ̀ ṣì wà lọ́jà. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ ẹ kò yàtọ̀ sí ti ayé Suzuki: ó fúyẹ́, ó lágbára, tó bá kú láàárín ọ̀sà, ọlọ́kọ̀ lè ṣí i níbẹ̀ kó tún un ṣe kí èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Àléébù rẹ̀ náà ò yàtọ̀. Abẹ́ omi ni sàlẹ́ńsà rẹ̀ ń tú sí. Epo tí ò jóná àti ọ́ìlì tó bá a lọ, inú ọ̀sà náà ni, ibi tí wọ́n ti ń kó ẹja àti edé tí à ń jẹ. Ẹ wo ojú omi tẹ́ ẹ bá dúró sí èbúté, ẹ ó rí i tó ń dán bí òṣùmàrè.

Mi ò ní sọ fún ọlọ́kọ̀ pé kó sọ ẹ́ńjìn rẹ̀ nù. Four-stroke wọ́n, ó sì wúwo jù ú lọ, ẹni tó sì lè tún un ṣe létí omi ò pọ̀. Òun nìkan kọ́ ló yẹ kó sanwó ohun tí gbogbo wa ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni nínú ìjọba bá fẹ́ ran èbúté lọ́wọ́ lóòótọ́, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀: owó ẹ̀yáwó tí kò gara fún ẹ́ńjìn tó sàn jù, àti ẹ̀kọ́ fún mẹkáníìkì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ra Vespa tàbí Suzuki àtijọ́ ńkọ́? Ẹ rà á. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì tí wọ́n ṣe fún two-stroke ni kẹ́ ẹ lò, kì í ṣe èyí tí wọ́n fà jáde nínú mọ́tò. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ má fojú díwọ̀n. Ẹ má tan án kalẹ̀ níwájú ibi tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ. Ọjọ́ Sunday ni kẹ́ ẹ fi máa gbádùn ẹ̀, ẹ má fi ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ kọ "àwọn bàbá wa jayé" sábẹ́ fọ́tò rẹ̀, ẹ rántí àwọn ìyá wa tó gun lédíìsì máṣíìnì, àtàwọn tó jókòó létí títì tí èéfín rẹ̀ ń fẹ́ sí.

Máṣíìnì wo ló wà nílé yín rí? Ẹ sọ orúkọ ẹ̀ sísàlẹ̀, àti ẹni tó ń gùn ún. Tí fọ́tò bá wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sí i.