Bí Indonesia Ṣe Sọ Àfojúsùn Àgbáyé Di Ti Ilé: Sàká, Omi Mímu àti Òṣùwọ̀n Òṣì

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè 193 tó wà nínú Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fẹnu kò ní New York lórí àfojúsùn 17 tí wọ́n fẹ́ kí ọwọ́ tẹ̀ kí ọdún 2030 tó parí. Òun ni à ń pè ní SDG: kí òṣì àti ebi kásẹ̀ nílẹ̀, kí omi tó mọ́ kárí, kí àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé, kí iná wà, kí ilẹ̀ àti òkun má bàjẹ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpín 169 ló wà lábẹ́ wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé ìwé àdéhùn náà fi àyè sílẹ̀ fún ìjọba kọ̀ọ̀kan láti gbé ìwọ̀n tirẹ̀ kalẹ̀ bí ilé rẹ̀ ṣe rí. Kì í ṣe òfin tí a lè torí rẹ̀ pe ìjọba kankan lẹ́jọ́. Orílẹ̀-èdè tí kò bá gbé e wọ inú òfin àti ìṣúná owó tirẹ̀, orí ìwé ló máa wà.

Àwọn kan tilẹ̀ fi tiwọn kún un. Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí Laos láàárín 1964 sí 1973, ọ̀pọ̀ èyí tí kò bú sì wà nínú ilẹ̀ oko wọn títí di òní. Ní 2016, Laos fi àfojúsùn kejìdínlógún lélẹ̀: kí ẹ̀mí àwọn ènìyàn bọ́ lọ́wọ́ bọ́ǹbù tó kù sílẹ̀. Ta ló máa sọ fún àgbẹ̀ Laos pé nǹkan mìíràn ló yẹ kó ṣáájú?

Indonesia ni a fẹ́ dúró lé lórí, nítorí pé Mùsùlùmí bíi tiwa ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n lé ní mílíọ̀nù 270, erékùṣù wọn sì lé ní 17,000. Ní oṣù keje 2017, Ààrẹ Joko Widodo fọwọ́ sí àṣẹ ààrẹ nọ́mbà 59, tó gbé SDG wọ inú ètò ìdàgbàsókè ìjọba. Bappenas, iléeṣẹ́ tó ń ṣètò ìdàgbàsókè, ló ń darí rẹ̀. Àwọn gómìnà sì ní láti ṣe ètò ti ẹkùn wọn. Ní 2020, wọ́n gbé e dé abúlé, tí iye wọn lé ní 70,000, tí ìjọba àpapọ̀ sì ń fún lówó lọ́dọọdún. Ti abúlé di 18. Ìkejìdínlógún dá lórí àṣà abúlé àti bí wọ́n ṣe ń ṣàkóso ara wọn.

Ibi sàká ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá gan-an. Indonesia ní àjọ sàká ti ìjọba, BAZNAS, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2001, òfin nọ́mbà 23 ti ọdún 2011 sì tún fún un lágbára sí i. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé: ṣé a lè fi owó sàká ṣe omi àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ fún ará ìlú? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Ọlọ́hun ti ka àwọn mẹ́jọ tó lẹ́tọ̀ọ́ sí sàká nínú Sūratu Taobah, āyah 60, kò sì sí kànga nínú wọn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ fiqhi, pàápàá àwọn ti mazhab Hanafi, sọ pé àfi kí a fi owó náà lé aláìní lọ́wọ́ kó di tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní tamlīk. Kànga kì í ṣe ti ẹnì kan; olówó àti tálákà ló máa pọn nínú rẹ̀.

Ìgbìmọ̀ àwọn àlùfáà ilẹ̀ náà, MUI, gbé e yẹ̀ wò ní àpérò wọn ní Surabaya ní oṣù kẹjọ 2015, nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ìpàdé New York. Fátúwà wọn ni pé ó tọ́, pẹ̀lú májẹ̀mú méjì. Èkíní, kó má sí àìní kánjúkánjú tó kan àwọn tó lẹ́tọ̀ọ́ sí sàká ní tààrà: bí ebi bá ń pa wọ́n, oúnjẹ ló ṣáájú. Èkejì, kí àǹfààní omi náà jẹ́ ti gbogbo ìlú àti ti iṣẹ́ rere. Lẹ́yìn ìgbà náà, ní ẹkùn Jambi ní erékùṣù Sumatra, BAZNAS àti UNDP fi owó sàká ran àwọn abúlé lọ́wọ́ láti fi omi odò pèsè iná mànàmáná. Àwọn olùwádìí BAZNAS sì to àfojúsùn 17 náà gẹ́gẹ́ bí maqāsid ṣẹ́ríà: ẹ̀sìn, ẹ̀mí, làákàyè, ìran àti dúkìá. Èyí wù wá. Ìwọ̀n ṣẹ́ríà ni wọ́n fi wọn ohun tó ti òkèèrè wá.

Ṣùgbọ́n níní òṣùwọ̀n tara ẹni ní ewu tirẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 2024, iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba Indonesia sọ pé 8.57 nínú ọgọ́rùn-ún ni tálákà. Báńkì Àgbáyé, tó lo òṣùwọ̀n dọ́là 6.85 lójúmọ́ fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ti gòkè díẹ̀, ní 60.3 ni, lọ́dún kan náà. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe irọ́ ẹnikẹ́ni: dọ́là tí báńkì ń wí kì í ṣe èyí tí à ń ṣẹ́ lọ́jà, agbára tí owó ní láti ra nǹkan ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí owó rẹ̀ fi díẹ̀ ga ju ìlà ìjọba lọ ti jáde nínú ìwé òtòṣì, bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò rẹ̀ lè wà lófìfo lálẹ́ ọjọ́ náà. Oníṣàká gbọ́dọ̀ mọ ìlà tó ń tẹ̀ lé, torí òun ló máa sọ ẹni tí owó náà kàn.

Nàìjíríà náà fọwọ́ sí SDG. Nígbà àfojúsùn mẹ́jọ tó ṣáájú rẹ̀, Paris Club dárí gbèsè bílíọ̀nù 18 dọ́là jì wá ní 2005, ìjọba sì ní kí owó tí a kò san mọ́ lọ sí omi, ilé ìwòsàn àti ilé ìwé. Láti 2007, ìpínlẹ̀ tó bá fẹ́ nínú rẹ̀ ní láti mú owó tirẹ̀ náà sílẹ̀. Ní ti sàká, kò sí òfin ìjọba tó ń gbà á nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn ẹgbẹ́ bíi Zakat and Sadaqat Foundation àti àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sáláṣí ló ń gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá mú un wá. Púpọ̀ nínú kànga dẹ̀rọ tí à ń rí lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí jẹ́ sàráà jāriyah, tí wọ́n kọ orúkọ òbí ẹnì kan tó ti kú sí lára. Kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Ìgbìmọ̀ tó bá fẹ́ fi owó sàká gan-an gbẹ́ ẹ, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé májẹ̀mú méjì ti Surabaya lọ bá àwọn ààfáà wọn, pẹ̀lú orúkọ àwọn aláìní àdúgbò lọ́wọ́, kí wọ́n tó pe àwọn tó ń gbẹ́ kànga.