Amọ̀kòkò

Ẹni tó ń fi amọ̀ ṣe ife àti àwo ìjẹun, tó sì ń pàtẹ wọn fún aráyé wò, kí ni ká máa pè é? Amọ̀kòkò náà ni. Àwọn kan lè rò pé "amọ̀" àti "ìkòkò" ló so pọ̀ di ọ̀rọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bí "akọrin" ṣe ti inú "kọ orin" wá ni "amọ̀kòkò" ṣe ti inú "mọ ìkòkò" wá: ohun tí ọwọ́ ń ṣe ni orúkọ náà dá lé. Bí ẹnìkan bá ní àwo kì í ṣe ìkòkò, òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó ń mọ ìṣasùn àti agbada, ṣebí amọ̀kòkò là ń pe òun náà.

Ẹlòmíràn lè ní pípàtẹ ti sọ ọ́ di oníṣẹ́ ọnà, pé orúkọ àtijọ́ ti kéré fún un. Ẹ wo Ladi Kwali, ọmọ Gwari tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó 20 náírà. Ní Abuja àtijọ́, tó ń jẹ́ Suleja lónìí, ó ń fọwọ́ mọ ìkòkò omi bí àwọn obìnrin ìlú rẹ̀ ti ń ṣe, ó sì tún kọ́ bí wọ́n ṣe ń mọ nǹkan lórí kẹ̀kẹ́ tó ń yí. Wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní London ní 1958. Ibi tí ìkòkò dúró sí ló yí padà. Iṣẹ́ ọwọ́ tó bí i kò yí padà, orúkọ rẹ̀ náà kò sì gbọdọ̀ yí.