Orúkọ Wo Ni Ká Pe Omi tó Ń Bọ̀?

Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan, "flood", fún omi tó bá kún. Yorùbá ní mẹ́ta, wọn kì í sì í ṣe ohun kan náà. Àgbàrá ni omi òjò tó ń sáré lórí ilẹ̀ kó tó dé odò rárá. Àkúnya ni ti odò tó kún kọjá bèbè rẹ̀. Omíyalé ni ti omi tó ti wọlé onílé, ibi yòówù kó ti wá. Nígbà tí odò Ògùnpa ṣọṣẹ́ n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, omíyalé ni gbogbo èèyàn pè é, nítorí ibi tó ti dùn wọ́n ni wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ṣíṣọ́ odò kò lè dúró dìgbà yẹn. Láti orí àgbàrá ni iṣẹ́ tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó nílò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀kan dípò èkejì.

Ilé-Ifẹ̀ ló yẹ kí irú ìsọlórúkọ báyìí ti gbilẹ̀. Ní 1970, Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Mọdákẹ́kẹ́ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní 1984, ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n gírámà, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni ló gbájú mọ́. Kò yà sétí odò. Nínú ọgbà yunifásítì kan náà, tó ti di Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí, ni AFRIGIST wà, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972 lórúkọ RECTAS láti máa kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà bí a ṣe ń fi àwòrán òfuurufú mọ ilẹ̀. Odò Ọpa náà wà níbẹ̀, tí wọ́n sé tó fi di adágún tí ọgbà ń bu mu. Onímọ̀ èdè, onímọ̀ ilẹ̀ àti odò jọ ń gbé àdúgbò kan.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ló le jù níbẹ̀. Bi ẹni tó ń gbé létí odò léèrè bí omi ṣe rí lónìí, yóò ní ó mu èèyàn dé orúnkún, tàbí dé àyà. Jíjìn ló ń sọ yẹn, láti ilẹ̀ odò ló sì ti kà á. Ọ̀pá olóǹkà tí àwọn aṣọ́dò rì sétí omi kò ka jíjìn. Ojú òdo rẹ̀ dúró sójú kan ni, yálà iyanrìn dí ilẹ̀ odò tàbí omi wà á jinlẹ̀ sí i. Bí a bá wá pe ohun tó ń kà ní "jíjìn odò", irọ́ ni a pa fún ẹni tó fẹ́ sọdá. Gíga odò ni kó máa jẹ́, kí ọ̀pá náà sì jẹ́ ọ̀pá gíga odò.

Ọ̀tọ̀ tún ni ìṣàn, ìyẹn iye omi tó ń kọjá lójú kan. Ní Lọ́kọ́jà, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, gíga odò Ọya dé mítà 12.84, ìṣàn rẹ̀ sì lé ní kúbíkì mítà 31,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kúbíkì mítà kan ni táǹkì oní-1,000 lítà tí à ń gbé sórí òpó lẹ́yìn ilé. Ẹ wo 31,000 irú rẹ̀ tó ń kọjá kéèyàn tó ṣẹ́jú. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ń sọ ilé tí omi yóò wọ̀ ní Lọ́kọ́jà. Èkejì ń sọ ohun tó ń lọ bá àwọn ará ìsàlẹ̀.

Ilẹ̀ tí gbogbo òjò rẹ̀ ń ṣàn lọ sínú odò kan kò ní orúkọ pàtó lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ a kò lè ṣọ́ odò láìṣọ́ ọ. Àgbàrá Ifẹ̀ di ti Ọpa, Ọpa dà sínú Ṣàṣà. Bí a bá tẹ̀lé "basin" tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, abọ́ ni a ó pè é, abọ́ kò sì sọ ibi tí omi ń lọ. "Ilẹ̀-agbòjò" ni mo fara mọ́: ilẹ̀ tó ń bá odò gba òjò. Àwọn kan ń pe amburẹ́là ní agbòjò, ṣùgbọ́n "ilẹ̀" tó ṣíwájú kò ní jẹ́ kó dàrú.

Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ ń ṣi èèyàn lọ́nà nígbà mìíràn. Àwọn onímọ̀ máa ń sọ̀rọ̀ àkúnya ọgọ́rùn-ún ọdún. Bí a bá pe ti 1980 bẹ́ẹ̀, ará Ìbàdàn yóò sùn fọnfọn di 2080. Bẹ́ẹ̀, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ni omi tún gbẹ̀mí èèyàn níbẹ̀. Ohun tí ìṣirò náà ń wí ni pé lọ́dọọdún, ìdá kan wà nínú ọgọ́rùn-ún tí irú rẹ̀ lè dé. Fún ẹni tó bá fi 30 ọdún gbé ilé létí odò, ó ti di ìdá 26. "Àkúnya ìdá-kan-nínú-ọgọ́rùn-ún" gùn lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò tan ẹnikẹ́ni. "Ó ṣeé ṣe" náà kò tó: ó gba ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú, ó gba ohun tó ṣọ̀wọ́n. Kí ìdá máa tẹ̀ lé e nígbà gbogbo.

"Àsọtẹ́lẹ̀" ni rédíò ń pe ìkéde bí omi yóò ṣe rí, ẹrù ọ̀rọ̀ náà sì pọ̀. Babaláwo ń sọ tẹ́lẹ̀, wòlíì ń sọ tẹ́lẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá burú, a ó ní kò ní í ṣẹ lórúkọ Ọlọ́run. Bí NIHSA, àjọ ìjọba tó ń ṣọ́ omi Nàìjíríà, bá kéde pé odò yóò kún, àdúrà nìkan kọ́ ni wọ́n fẹ́ ká dìde sí. "Ìṣirò omi" ni n ó fi rọ́pò rẹ̀. Ní ti ìkìlọ̀, ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀-orúkọ sílẹ̀, ká lo ọ̀rọ̀-ìṣe: Ẹ ṣọ́ odò. Ẹ palẹ̀ mọ́. Ẹ kúrò. Àgbàrá òjò kò ní òun kò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Onílé kò sì lè kọ ohun tí kò yé e.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ ló nílò orúkọ tuntun: sàtẹ́láìtì àti rédà lè dúró bí wọ́n ṣe jẹ́. Tó bá ti yé wa pé rédà ń rí omi nínú òkùnkùn àti lábẹ́ ìkúukùu tí kámẹ́rà lásán kò lè là kọjá, orúkọ rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára.

Kí a tó tẹ ìwé atúmọ̀ kankan, ẹ jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ rédíò Orísun FM ka àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sétí àwọn tó ń dáko létí Ọpa, ká sì bi wọ́n ní ohun tí wọn yóò ṣe. Ọ̀rọ̀ tó bá mú wọn kẹ́rù lọ sórí òkè lákòókò ti yege. Èyí tí wọ́n bá kàn yìn pé ó dùn létí, ká tún un dá.