Ìyanṣẹ́lódì àti Ìtìlẹ̀kùnmọ́ni Lẹ́nu Iṣẹ́: Àpẹẹrẹ Yunifásítì Ìlú Sókótó

Ìyanṣẹ́lódì ni kí àwọn òṣìṣẹ́ fohùn ṣọ̀kan láti dá iṣẹ́ dúró kí agbanisíṣẹ́ lè gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn. Ìtìlẹ̀kùnmọ́ni ni òdìkejì rẹ̀: agbanisíṣẹ́ ni ó ti ibi iṣẹ́ pa, tàbí tí ó kọ̀ láti gba àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wọlé, kí wọ́n lè fara mọ́ ohun tí òun ń fẹ́. Lójú ẹni tí ó ń kọjá lọ, ọ̀kan náà ni méjèèjì: ẹnu ọ̀nà wà ní títì, iṣẹ́ kò sì lọ. Lójú òfin Nàìjíríà, ẹni tí ó dá iṣẹ́ dúró ni ó ń ru ẹrù owó tí ó bá ti ibẹ̀ sọnù. Ìyàtọ̀ yìí hàn gbangba nínú ìyanṣẹ́lódì olóṣù mẹ́jọ tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ṣe ní ọdún 2022, èyí tí ó kan Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Sókótó.

Ìtumọ̀ orúkọ

Inú ọ̀rọ̀ ìṣe "yàn lódì" ni a ti ṣẹ̀dá ìyanṣẹ́lódì. Ẹni tí ó bá yan ẹnìkejì rẹ̀ lódì kì í bá a sọ̀rọ̀, kì í sì í jẹ́ ìkíni rẹ̀, síbẹ̀ kò tíì sọ pé àwọn kì í ṣe ọ̀rẹ́ tàbí ìbátan mọ́. Ìbínú ni, kì í ṣe ìkọ̀sílẹ̀. Ìdaṣẹ́sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kejì tí àwọn oníròyìn máa ń lò, kò gbé èrò yìí yọ tó bẹ́ẹ̀, nítorí a lè da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ tàbí títí láé.

Ní Sókótó, níbi tí Hausa ti jẹ́ èdè ìgboro, "yajin aiki" ni wọ́n ń pè é. Aiki ni iṣẹ́. Yaji ni kí ìyàwó fi ìbínú kúrò nílé ọkọ, kí ó padà sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ tí ọkọ yóò lọ bẹ̀ kí ó tó padà ni wọ́n ń pè ní biko. Inú ẹbí ni èdè méjèèjì ti mú àfiwé wọn, ohun kan náà ni wọ́n sì ń sọ: ẹni tí ó yanṣẹ́lódì kò fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìpẹ̀tù ni ó ń retí.

Ìtàn ní ṣókí

Ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò ti ọdún 1945 ni ó kọ́kọ́ mi ìjọba amúnisìn ní gbogbo Nàìjíríà. Ọ̀wọ́n gógó ọjà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ni ó fà á, Michael Imoudu ti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè sì di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú ìjà náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1949, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà èédú 21 ní Iva Valley, Enugu. Hubert Ogunde fi ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì ṣe eré orí ìtàgé: Strike and Hunger fún ti 1945, àti Bread and Bullet fún ti Enugu. Nípa bẹ́ẹ̀, aáwọ̀ ẹnu iṣẹ́ ti wà lára ohun tí eré onítàn Yorùbá ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Ohun tí òfin sọ

Òfin Trade Disputes Act, tí ìjọba ológun gbé kalẹ̀ ní 1976 tí ó sì wà nínú àkójọ òfin orílẹ̀-èdè yìí ti ọdún 2004, ni ó ń darí ọ̀rọ̀ yìí. Kí aáwọ̀ tó di ìyanṣẹ́lódì, òfin fẹ́ kí tọ̀túntòsì kọ́kọ́ jókòó sọ ọ́. Bí kò bá yanjú, kí wọ́n wá onílàjà. Lẹ́yìn èyí ni mínísítà lè dá sí i, kí ọ̀rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀ Industrial Arbitration Panel, kí ó sì parí sí Ilé-ẹjọ́ Òṣìṣẹ́, ìyẹn National Industrial Court.

Ìpín 43 ni ó sọ ti owó. Òṣìṣẹ́ tí ó bá kópa nínú ìyanṣẹ́lódì kò lẹ́tọ̀ọ́ sí owó iṣẹ́ fún àsìkò náà, a kò sì ní ka àsìkò ọ̀hún mọ́ iye ìgbà tí ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láìdáwọ́dúró. Bí ó bá ṣe agbanisíṣẹ́ ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, dandan ni kí ó san owó wọn, kí a sì ka àsìkò náà fún wọn. "Kò síṣẹ́, kò sówó" tí àwọn aláṣẹ máa ń tẹnu mọ́ jẹ́ ìdajì òfin yìí péré.

Kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn tí a bá tì ni ìtìlẹ̀kùnmọ́ni. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba ti ilé-ẹ̀kọ́ pa nítorí àrùn Kòrónà. Ààbò ìlera ni ìdí rẹ̀, kì í ṣe láti fi tẹ olùkọ́ lórí ba.

Sókótó ní ọdún 2022

Ọdún 1975 ni wọ́n dá Yunifásítì Sókótó sílẹ̀. Ní 1988 ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ Usmanu Danfodiyo. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ni ín, ìdí nìyí tí aáwọ̀ àwọn olùkọ́ ibẹ̀ pẹ̀lú agbanisíṣẹ́ wọn fi máa ń jẹ́ aáwọ̀ pẹ̀lú Àbújá.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ìkìlọ̀ oṣù kan. Wọ́n ń bèèrè pé kí ìjọba mú àdéhùn ọdún 2009 ṣẹ, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò, kí owó ìtúnṣe yunifásítì jáde, kí wọ́n sì fi ètò UTAS tí àwọn olùkọ́ ṣe rọ́pò IPPIS tí ìjọba fi ń san owó oṣù. Oṣù kan di oṣù mẹ́jọ. Ìjọba dá owó oṣù dúró, ó sì gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Ilé-ẹjọ́ Òṣìṣẹ́, tí ó pàṣẹ ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án pé kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn ní kí wọ́n tẹ̀lé àṣẹ náà, wọ́n sì so ìyanṣẹ́lódì rọ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá.

Àríyànjiyàn lórí owó kò parí síbẹ̀. Àwọn olùkọ́ ní àwọn yóò ṣì kọ́ni ní gbogbo ohun tí ó fò, nítorí náà iṣẹ́ náà sún síwájú ni, kò sọnù. Ní ọjọ́ 30 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Ilé-ẹjọ́ Òṣìṣẹ́ dájọ́ pé ìjọba lẹ́tọ̀ọ́ láti dá owó náà dúró. Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, Ààrẹ Bola Tinubu fọwọ́ sí i pé kí wọ́n san owó oṣù mẹ́rin nínú rẹ̀. Ọwọ́ àánú ni wọ́n fi san án, kì í ṣe gẹ́gẹ́ bí ẹ̀tọ́.

Lórí pápá eré ìdárayá

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, lẹ́yìn tí ikọ̀ Super Falcons gba ife ẹ̀yẹ àwọn obìnrin Áfíríkà ní Kamẹrúùnù, wọ́n kọ̀ láti kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì wọn ní Àbújá nítorí owó tí wọn kò san fún wọn, wọ́n sì wọ́de lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ parí ní tiwọn. Nítorí náà ìwọ́de agbowó ni, kì í ṣe ìyanṣẹ́lódì gan-an.

Amẹ́ríkà ni àpẹẹrẹ ìtìlẹ̀kùnmọ́ni ti wọ́pọ̀. Láti oṣù Keje ọdún 1998 dé oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1999, àwọn tí ó ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n NBA ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, títí kan Hakeem Ọlájùwọ́n, ọmọ Èkó, tí ó wà ní Houston Rockets. Ìdíje 82 tí ó yẹ kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gbá dín kù sí 50. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n pàdánù owó, nítorí òfin ibẹ̀ kò di ẹrù náà lé agbanisíṣẹ́ lórí bí Ìpín 43 ti ṣe níhìn-ín.

Ẹni kẹta

Ẹni méjì péré ni Ìpín 43 mọ̀: òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́. Kò sọ̀rọ̀ nípa akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn aáwọ̀, a lè dá owó oṣù padà lódindi tàbí lábọ̀, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní 2023. Oṣù mẹ́jọ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi jókòó sílé ní Sókótó tàbí ní Ìbàdàn kò ní ìpín òfin tí ó ń dá a padà, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ orí tí wọ́n fi ń gbani síṣẹ́ kò ní dúró dè é. Nígbà tí ìròyìn bá wí pé yunifásítì "wà ní títì", ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé ta ni ó tì í, kí ni ó sì fẹ́ gbà. Ìdáhùn rẹ̀ ni yóò fi orúkọ tí ó yẹ aáwọ̀ náà hàn, àti ẹni tí òfin yóò ní kí ó san gbèsè rẹ̀.